Gbeto, Ẹ̀ṣọ́ àti Adéwalé: ìtàn wa nínú eré fídíò

Nínú ìdánwò kan, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ irú àwọn jagunjagun tí ìjọba Málì ìgbàanì ní. Ọmọ kan kọ ọ́ pé àwọn tafàtafà wà, àwọn ẹlẹ́ṣin wà, àwọn obìnrin kan tí ń ju ọ̀bẹ lu ọ̀tá sì wà pẹ̀lú, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Gbeto. A fi bíírò pupa fa ìlà gba orí gbólóhùn náà kọjá, a sì fún un ní òdo. Ní ọjọ́ tí a dá ìwé padà, ọmọ náà nawọ́ sókè, ó ní: « Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, àwọn obìnrin náà wà. Mo ti kó wọn jagun rí. » Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a tó mọ̀ pé ọmọ náà kò parọ́: eré fídíò kan ni ó ti kọ́ ọ, ohun tí ó sì rí níbẹ̀ ni ó kọ.

Láti ìgbà náà ni a ti pinnu pé a kò ní í bá àwọn ọmọ jiyàn mọ́ lórí ohun tí a kò fojú ara wa rí. Nínú ìsinmi àti ní alẹ́, nígbà tí iná mànàmáná bá gbà fún wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn eré tí ìtàn ilẹ̀ wa tàbí ti àwọn ará wa lókèèrè bá wà nínú wọn. (Àwọn ọmọ a máa sọ pé àwọn ń « gbá » eré, àwa tí a bá àwọn bàbá wa jókòó nídìí ọpọ́n ayò, à ń ta á ni.) Ojú olùkọ́ ìtàn ni a fi wò wọ́n, ṣùgbọ́n a kò ní í fi pamọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni adùn eré mú wa gbàgbé iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ jókòó.

Eré ọmọ náà ni Age of Empires II. Ẹni tí ń ta á a máa gé igi, a máa wa wúrà, a máa dáko, a máa kọ́ ilé àti odi, lẹ́yìn náà a kó ọmọ ogun jọ láti ṣẹ́gun aládùúgbò rẹ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1999, àwọn ará Yúróòpù, Ṣáínà, Japan àti Páṣíà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo. Ọdún 16 ni a fi dúró. Ní 2015 ni àfikún tí wọ́n pè ní The African Kingdoms tó mú Málì, Etiópíà àti àwọn Berber wọlé.

Ibi tí ó yẹ kí a yìn, ẹ jẹ́ kí a yìn ín. Apá tí ó sọ ìtàn Sundjata Keïta dára. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń lé ọmọ ọba náà kiri, ó sì mú ẹni tí ń ta eré dé ìdí ìjà òun àti Soumaoro Kanté, ọba Sosso, ẹni tí Sundjata ṣẹ́gun ní Kirina ní nǹkan bí 1235. Inú ìwé ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí ní kíláàsì, wọn a sì máa há ọdún rẹ̀ sórí bí ẹni ń há ìṣirò ìlọ́po. Ọmọ tí ó bá ti bá Sundjata sá lọ sí ìgbèkùn lórí ẹ̀rọ, tí ó sì ti pàdánù gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó borí, kò ní í gbàgbé Kirina mọ́. A kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ tiwa ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Gbeto wá ń kọ́? Orúkọ yìí kì í ṣe ti Málì rárá. Ọ̀rọ̀ Fọ̀n ni. Ní Dàhòmì, òun ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọdẹ tí ń pa erin fún ọba, àwọn òpìtàn kan sì rí i pé ara irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ogun obìnrin Dàhòmì ti jáde. Láàárín Málì ti Sundjata àti Dàhòmì, nǹkan bí 400 ọdún ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ tí ó ju 1000 kìlómítà lọ. Àwọn tí ó ṣe eré náà ń wá jagunjagun kan tí yóò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Wọ́n nawọ́ sínú Áfíríkà bí ẹni nawọ́ sínú àpò, wọ́n mú èyí tí ó wù wọ́n, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ Málì. Bí ẹnì kan bá kó ẹ̀ṣọ́ ọba Sípéènì lọ sí ààfin ọba Rọ́ṣíà nínú eré, gbogbo ayé ni yóò pariwo.

Ní agbègbè tiwa, ọ̀rọ̀ náà kọjá àṣìṣe orúkọ. Àwọn obìnrin ogun Dàhòmì wà lára ogun tí ó lọ bá Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864. Ní 1886, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn. Ó di 1894, lẹ́yìn tí Béhanzin ti bọ́ sọ́wọ́ Faransé, kí Alákétu tó tún jókòó sórí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀. Ẹnubodè Akaba Ìdẹ́nà ṣì wà níbẹ̀ di òní, ẹni tí kò bá tíì rí i kí ó lọ wò ó. Ní 2022, wọ́n ṣí aṣọ lójú ère Amazone tí ó ga ní 30 mítà ní Kútọnu. Ère náà lẹ́wà. Olúkúlùkù ló sì ní ẹ̀tọ́ láti fi akọni ilẹ̀ rẹ̀ yangàn. Ṣùgbọ́n ọmọ Ahoyéyé tí ó bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ yẹ kí ó lè bi ara rẹ̀ pé, nígbà tí obìnrin yìí ń fa idà yọ, ìhà wo ni àwọn ènìyàn mi wà? Ìbéèrè rere ni, ó sì ṣòro. Eré tí ó sọ obìnrin náà di ará Málì ti gba ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó bi í. Ohun tí ó bí wa nínú nìyẹn.

Eré tí ó tẹ̀ lé e, Age of Empires III, dárúkọ wa ní tirẹ̀. Àfikún rẹ̀ ti 2021, The African Royals, fi Haúsá àti Etiópíà ṣe ìjọba tí ènìyàn lè darí. Yorùbá náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìletò ẹ̀bá ọ̀nà ni: ẹni tí ń ta eré a kọ́ ilé òwò sọ́dọ̀ wọn, a bá wọn mulẹ̀, wọn a sì fún un ní jagunjagun. Ọ̀yọ́ tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhòmì fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sọ di alágbàṣe nínú ogun ẹlòmíràn! Ohun tí ó tù wá nínú ni orúkọ tí wọ́n fún ẹlẹ́ṣin tí Yorùbá ń pèsè: Ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí ó fi orúkọ náà síbẹ̀ ti kàwé. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tí a tẹ̀ jáde ní 1921, àwọn Ẹ̀ṣọ́ jẹ́ 70, akọni ni gbogbo wọn, Àrẹ-ọ̀nà-kakaǹfò sì ni olórí wọn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi wá sí, wọ́n kò ṣi orúkọ wa pè.

Àṣìṣe kan wà tí gbogbo àwọn eré wọ̀nyí jọ ń ṣe: ẹṣin wọn kì í ṣàìsàn. Ẹṣin a sáré láti aṣálẹ̀ wọ inú igbó dúdú, a sì jáde láìrẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, eṣinṣin tsé-tsé kò ní í gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí agbára ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ fi ń tẹ̀ lé ilẹ̀ ọ̀dàn, tí ọ̀nà òwò rẹ̀ sí Àjàṣẹ́, èyí tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, fi gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò àti Ànàgó, dípò inú igbó kìjikìji. Bí wọ́n bá fi eṣinṣin kékeré yìí sínú eré, púpọ̀ nínú ogun tí a jà níbẹ̀ ni kò ní í ṣeé jà. A mọ̀ pé ẹni tí ń ṣe eré kò fẹ́ kí eṣinṣin ba eré òun jẹ́. Ṣùgbọ́n àìsàn, òjò àti ebi ni ó parí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ogun tí à ń kọ́ ní kíláàsì.

Eré tí ó le jù lọ nínú gbogbo èyí tí a ta ni Europa Universalis IV, iṣẹ́ àwọn ará Sweden, tí ó jáde ní 2013. Àwòrán ilẹ̀ ayé ni gbogbo rẹ̀, ó kún fún iye owó, iye ọmọ ogun àti àdéhùn láàárín àwọn ọba. Ọjọ́ púpọ̀ ni a fi ṣòfò kí a tó mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì. Níhìn-ín, Ọ̀yọ́ dá dúró, Bìní dá dúró, ènìyàn lè jókòó sórí ìtẹ́ Aláàfin kí ó sì bá ọba Pọtogí sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Iyì wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọjà tí ilẹ̀ ń mú jáde, bí iyọ̀, bí eyín erin, bí wúrà, ẹrú wà lára wọn. Àmì kékeré kan ni wọ́n fi dúró fún un. Ẹni tí ó jẹ́ Aláàfin lórí ẹ̀rọ a máa rí owó tí ó ń wọlé, kì í rí ojú ẹni tí a tà. Nígbà mìíràn a rò pé ó lè jẹ́ pé báyìí gan-an ni ó rí lójú àwọn tí ń ṣe òwò náà.

Ohun tí a kò retí ni ọjọ́ tí eré náà parí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1444, ó sì dúró ní 1821. Àwọn tí ó ṣe é ń ro Napoléon àti òpin àwọn ogun Yúróòpù. Lọ́dọ̀ wa, 1821 ni ọdún tí wọ́n kó Àjàyí, ọmọdé, ní Òṣogùn, tí wọ́n sì ta á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi; ayé mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ìgbà tí ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í wó ni eré sọ fún wa pé ó tó, kí a máa lọ sùn.

Ti Freedom Cry yàtọ̀. Ubisoft, ilé iṣẹ́ Faransé, ni ó gbé e jáde ní 2013, Adéwalé sì ni akọni rẹ̀. A kọ́kọ́ dúró sórí orúkọ náà: wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀, a sì rí àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn inú eré náà, Trinidad ni wọ́n bí i sí, nínú oko ẹrú. Ó di atukọ̀, ó di òmìnira. Ní 1735 ọkọ̀ rẹ̀ fọ́, òkun sì gbé e dé Saint-Domingue, ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí, níbi tí ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹrú tí ó ti sá wọ igbó láti jà.

Olùkọ́ ìtàn kò ní í ṣàì wí tirẹ̀. Trinidad abẹ́ Sípéènì kò ní ẹrú púpọ̀ ṣáájú 1783, nígbà tí àṣẹ ọba mú àwọn olóko wọ ibẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Adé a máa tọ́ka sí ìdílé kan, a sì máa ní ẹni tí ó sọ ọ́: ta ni ìyá tí ó rántí adé nínú oko ìrèké, adé ìlú wo sì ni? Eré náà kò bi í. Síbẹ̀, ibi tí ó gbé ìtàn lọ tọ́. Nínú ìwé àwọn olóko Faransé ní Saint-Domingue, orúkọ tí wọ́n kọ fún àwọn ènìyàn wa ni Nago, orúkọ kan náà tí àwọn tí ń sọ Faransé fi ń pè wá ní Benin títí di òní. Ní Haiti lónìí, nínú ìsìn vodou, Nago ṣì ni orúkọ ìdílé òrìṣà tí Ògún wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a sọ èyí ní kíláàsì, ariwo eré dákẹ́. Ọmọ kan bèèrè bóyá àwọn yẹn ṣì gbọ́ Yorùbá. A ní ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu wọn, pàápàá nínú orin ìsìn.

Ohun kan nínú eré yìí kò jẹ́ kí a sùn dáadáa. Bí a bá ti gba ẹrú sílẹ̀ lọ́wọ́ olóko, iye kan a gòkè lójú ẹ̀rọ. Bí iye náà bá sì pé, wọn a fún wa ní ohun ìjà tí ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ènìyàn. A gbọ́ tí ẹnu ara wa ń sọ pé ó ku 20. Ẹni tí ó wá dá ẹrú sílẹ̀ ń kà wọ́n bí ẹni tí ń tà wọ́n! Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń lọ sí òpin, ọkọ̀ ẹrú kan rì, Adéwalé wà nínú rẹ̀, omi ń wọlé, àwọn ènìyàn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kò sì ṣeé ṣe láti gba gbogbo wọn là. Kò sí iye kankan tí ó lè mú ìyẹn fúyẹ́. A pa ẹ̀rọ, a jáde síta. Nínú gbogbo eré tí a ta, ibẹ̀ nìkan ni a ti lè sọ pé a kọ́ ohun tí ìwé kò tíì kọ́ wa.

A kò ní í pẹ́ lórí Smite, eré àwọn ará Amẹ́ríkà tí òrìṣà gbogbo ayé ti ń bá ara wọn jà. Yemọja wọ inú rẹ̀ ní 2019. Ní 2020 wọ́n mú Ọlọ́run wá. Ọlọ́run! Ẹni tí àwọn baba wa kò gbẹ́ ère rẹ̀ rí, tí wọn kò sì kọ́ ojúbọ fún, ni ọmọ ọdún 14 ń darí kiri kí ó lè na òrìṣà àwọn Gíríìkì. Àwọn ọmọ ní ó lágbára. Bẹ́ẹ̀ ni, kò yẹ kí ó má lágbára.

Aurion wù wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kiro'o Games ní Yaoundé, orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ni ó ṣe é, ó sì jáde ní 2016 lẹ́yìn tí àwọn olùfẹ́ eré kárí ayé ti dá owó fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtàn ọmọ ọba kan, Enzo, ni, ẹni tí wọ́n gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Erine sì jọ jáde lọ wá agbára àwọn baba ńlá. Ilẹ̀ inú rẹ̀ kò sí láyé, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó purọ́ mọ́ ìtàn ẹnikẹ́ni. Ìjà rẹ̀ a máa sú ènìyàn nígbà mìíràn, a kò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n ọba àti olorì tí ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ara wọn, a kò rí i nínú èyí tí ó ti Yúróòpù wá.

Àwọn àgbà tí ó bá ń kanrí sí ọ̀rọ̀ eré yìí, ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí ayò, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní awalé. Ní 2002, ọ̀mọ̀wé méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ipò tí ọmọ ayò 48 lè wà nínú ihò 12 wò. Iye wọn jẹ́ 889 063 398 406. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí ọ̀tá méjèèjì kò bá ṣì í ta rárá, ọ̀mì ni. A sọ èyí fún bàbá kan tí ó ń ta ayò nídìí igi ní Ahoyéyé. Ó ní kí kọ̀ǹpútà náà wá.

Eré tí a fi parí ni Soldats inconnus, tí Ubisoft ní Montpellier ṣe ní 2014, nígbà tí ogun 1914 pé 100 ọdún. Ẹni mẹ́rin ni a ń bá rìn nínú rẹ̀: Émile, àgbẹ̀ ará Faransé, Karl, ọmọ Jámánì, Freddie, ará Amẹ́ríkà, àti Anna, nọ́ọ̀sì ará Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n mú Émile kúrò lóko rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ológun fún un, nígbà tí ìjà ọdún 1917 sì ti mú àwọn ọ̀gá gbàgbé pé ènìyàn ni àwọn sójà, ó ṣọ̀tẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ẹkún gbọ̀n wá. Lẹ́yìn náà ni a wá rí i pé kò sí ọmọ Dàhòmì tàbí Senegal kan nínú àwọn mẹ́rin tí a ń bá rìn, bẹ́ẹ̀ wọ́n kó àwọn àgbẹ̀ wa náà lọ sí ogun kan náà.

Wọn kò kó gbogbo wọn. Ní 1914 àti 1915, àwọn Ọ̀họ̀rí-Ìjè, ní ìhà àríwá Pobè wa yìí, dìde sí ìjọba Faransé. Wọn kò fẹ́ owó orí, wọn kò fẹ́ iṣẹ́ àfipáṣe, wọn kò sì fẹ́ kí a kó ọmọ wọn ṣe sójà. Ilẹ̀ wọn wà pẹ̀lú wọn: amọ̀ dúdú ni, tí òjò bá ti dé a di àbàtà tí bàtà sójà kò lè jáde nínú rẹ̀. Nígbà tí agbára ìbọn borí, ọ̀pọ̀ sá gba ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ní 1889 kọjá sí ìhà kejì, níbi tí àwọn ìbátan wọn wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Àgbẹ̀ tí kò fẹ́ lọ jagun tí kì í ṣe tirẹ̀: ìtàn Émile náà ni. Kò sí ẹni tí ó tíì sọ ọ́ di eré.

A pe ọmọ tí a fún ní òdo. A ti yí àmì rẹ̀ padà sí ìdajì, nítorí pé ó jẹ́rìí ohun tí ó rí. A sọ ti Gbeto fún un, a sọ ti Kétu. Ti Ọ̀họ̀rí ni ó gbọ́ tí kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ará Issaba ni ìyá bàbá òun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó mú ìwé kan wá, ó ti ya àbàtà náà sí i, ojú ọ̀nà Pobè ní ìsàlẹ̀, ààlà ní apá ọ̀tún, orúkọ ibi mẹ́rin tí màmá àgbà sọ fún un sì wà lórí rẹ̀. A bi í pé níbo ni àwọn sójà Faransé yóò gbà wọlé. Ó fi ọwọ́ hàn wá, ó sì ní òun kò tíì mọ bí òun yóò ṣe ya òjò.